Wákàtí Mẹ́rin Àbọ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà láì bọ́ bàtà, ó gba orí aṣọ tí ìyá rẹ̀ gé sílẹ̀ kọjá, ó sì lọ jókòó sídìí fèrèsé bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ.

"Ta ló tẹ aṣọ oníbàárà mi mọ́lẹ̀ yẹn?" Ẹ̀gbọ́n mi ò gbójú kúrò lára maṣíìnì. Télọ̀ ni. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ibẹ̀ la ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni èmi àbúrò rẹ̀ ń sùn láti ìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì tí mo ń wá iṣẹ́. "Ìyá Kí-ló-dé, ìwọ ni mò ń bá wí. Ṣé lẹ́sìnnì ti parí ni?"

Èmi ni mo sọ ọmọ náà ní Ìyá Kí-ló-dé. Kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa tó ti ń béèrè ìdí tí òjìji fi ń tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ náà sì sọ mí ní Bàbá Àlọ́, nítorí pé bí ẹ bá rí i tí mo jókòó jẹ́ẹ́, àlọ́ kan ni mò ń tú nínú, ẹsẹ̀ mi á sì máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì títí òwú á fi bọ́ lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó ní àwa méjèèjì, ńṣe ni Ọlọ́run kó wa jọ láti fi dán sùúrù òun wò.

"Tíṣà lé mi," ni ọmọ náà wí.

Maṣíìnì dúró.

"Ó lé ọ báwo?"

"Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ padà wá àfi tí mo bá gbà pé wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó yíjú sí wa, ó sì rò ó. Ìṣirò kan ló wà nínú ìwé tí Tíṣà ń lò fún wọn. Ẹ̀rọ omi méjì ló wà lára táǹkì kan. Bí wọ́n bá ṣí ti àkọ́kọ́ nìkan, wákàtí mẹ́ta ni táǹkì á fi kún. Bí wọ́n bá ṣí èkejì nìkan, wákàtí mẹ́fà ni. Wọ́n wá ṣí méjèèjì pọ̀, wákàtí mélòó ni? Tíṣà ro mẹ́ta pọ̀ mọ́ mẹ́fà, ó pín in sí méjì, ó kọ wákàtí mẹ́rin àbọ̀ sójú pátákó, gbogbo ọmọ sì ń kà á tẹ̀ lé e bí orin. Ìgbà náà ni òun nawọ́.

"Mo ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí èyí tó yára bá dá a ṣe, wákàtí mẹ́ta ni. Kí ló dé tí ẹni tó wá ràn án lọ́wọ́ fi wá mú kó pẹ́ sí i?'"

Ẹ̀rín bú mọ́ mi lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí nǹkan ti dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ wá rí mélòó?"

"Méjì, Bọ̀dá. Ní wákàtí kan, èyí tó yára á rọ omi kún ìdá kan nínú mẹ́ta, èyí tó lọ́ra á rọ omi kún ìdá kan nínú mẹ́fà. Tí ẹ bá rò ó pọ̀, ìlàjì táǹkì ni. Wákàtí kejì, ìlàjì yòókù." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń júwe ọ̀nà ilé fún àlejò.

"Ó gbà á!" Mo fò dìde. "Àǹtí mi, ẹ gbọ́ ohun tọ́mọ yín sọ?"

"Mo gbọ́. Jókòó, o ń mi tábìlì." Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò láàárín ètè rẹ̀. "Ó lè jẹ́ méjì, ó lè jẹ́ mẹ́rin, èmi ò bá táǹkì jà. Sátidé yìí ni ìdánwò. Lọ bọ́ bàtà, fọ ojú, kí o padà lọ kúnlẹ̀ fún Tíṣà, kí o ní, 'Ẹ má bínú sà, mẹ́rin àbọ̀ ni.'"

"Àmọ́ kì í ṣe mẹ́rin—"

"Ta ló bi ọ́?"

Mo ní kó má padà lọ mọ́, pé èmi á kọ́ ọ títí di Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ tí mo ní kó o kọ́ ọ ní ìsọdipúpọ̀, tí ẹ fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ wo bí ìgbín ṣe ń gun kànga?"

"Àlọ́ ni yẹn, Àǹtí. Ìṣirò wà nínú ẹ̀."

"Ó wà nínú ẹ̀, kò jáde." Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ maṣíìnì, ó tún gbé e kúrò. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ Tíṣà. Ṣé ó ti wá yé ọ báyìí?"

Ó yé mi, ẹ̀rín sì kú mọ́ mi lẹ́nu. Tíṣà yẹn ló ń forúkọ gbogbo ọmọ lẹ́sìnnì sílẹ̀ fún ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ iléèwé girama. Káàdì tí fọ́tò ọmọ wà lára rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń kó o sí, àárọ̀ ìdánwò gan-an ló tó ń pín in lẹ́nu géètì. Ọmọ tí kò bá ní káàdì lọ́wọ́ kò ní wọlé, ì báà jẹ́ òun ló dá ìṣirò sílẹ̀. Iléèwé kan sì wà tí ọmọ yìí ń fẹ́ wọ̀, èyí tí wọ́n mú wọn lọ wò lọ́dún tó kọjá, níbi tí wọ́n ti jẹ́ kó fojú wo ìyẹ́ eṣinṣin nínú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Láti ọjọ́ náà, kò sí eṣinṣin tó wọlé wa tí ọmọ náà kò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bá a sọ̀rọ̀," ni mo wí.

"Kí o lọ bẹ̀ ẹ́ o. Mo ní *bẹ̀*."

"Màá bẹ̀ ẹ́."

Tíṣà Ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, nítorí pátákó tó gbé síta: ỌGỌ́RÙN-ÚN NÍNÚ ỌGỌ́RÙN-ÚN NI TÌWA. Ibi tí ẹni tó ni ilé ń gbé mọ́tò sí tẹ́lẹ̀ ló sọ di kíláàsì. Àbàwọ́n ọ́ìlì ṣì wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ fún mọ́ra wọn lórí bẹ́ǹṣì, orúnkún eléyìí kan ẹ̀yìn tọ̀hún, kò sì sí fèrèsé kankan àfi ilẹ̀kùn ńlá onírin tí wọ́n ká sókè. Ooru ibẹ̀ tó láti fi lọ aṣọ. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó de táì, ohùn rẹ̀ rọ̀. Mo ti múra sílẹ̀ de ẹni tó máa jágbe mọ́ mi. Ńṣe ló fọwọ́ lé mi léjìká tó mú mi lọ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àbúrò mi, kí lo kà ní yunifásítì?"

"Ìṣirò, sà."

"Háà! A ò ní jà nígbà yẹn. Méjì ni."

Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí jẹ. "Ẹ mọ̀?"

"Ta ni kò mọ̀? Èmi ni mo kọ ìwé náà. Ọwọ́ ló yọ̀ mí síbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó tọ̀ sílé. "Ṣùgbọ́n ó ti wà lọ́wọ́ wọn láti ọdún tó kọjá. Bí mo bá ní kí wọ́n fagi lé ìdáhùn kan lónìí, lọ́la wọ́n á máa yẹ ìkejì wò. Ọmọ tó bá ti ń ṣiyèméjì kì í yára mọ́. Eré sísá sì ni ìdánwò."

"Ẹ wá ń kọ́ wọn nírọ́ kí wọ́n lè sáré?"

"Ìgbọràn ni mò ń kọ́ wọn. Ìṣirò á bá wọn tó bá yá."

"Sà, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a."

"Ó dáa. Kó ṣáà má bá a kó tó di Sátidé."

Mo ti gbọ́ pé ìbínú máa ń pọ́n lójú èèyàn. Tèmi ò pọ́n. Ńṣe ni gbogbo nǹkan mọ́ gaara. Bí ọkùnrin náà bá jẹ́ aláìmọ̀kan, ǹ bá bẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ṣèlérí, ǹ bá tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ ó mọ̀. Ó mọ̀ pé òótọ́ lọmọ náà sọ, ó sì lé e jáde nítorí òótọ́ yẹn, ó wá ń rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà ni èmi àti òun jọ ń ṣe. Lára ògiri ní ìta, mo rí ẹ̀rọ omi méjì tí wọ́n ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, garawa sì wà nísàlẹ̀ wọn. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ jáde wá!" Mo pariwo sí àwọn ọmọ náà. "Gbogbo yín! Ẹ wá fojú ara yín rí i! A máa ṣí ọ̀kan, a máa ka iye tó gbà, lẹ́yìn náà a máa ṣí méjèèjì!"

Wọ́n tú jáde. Mo gbé garawa sí i, mo yí ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́, ó tutọ́ omi pupa díẹ̀ sí mi lápá, ó sì dákẹ́. Mo yí èkejì títí ọwọ́ ẹ̀rọ fi bọ́ sí mi lọ́wọ́. Kò sí ẹ̀kán kan.

Ọmọ kan kọ́kọ́ rín. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn.

Tíṣà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó káwọ́ mọ́ àyà. "Ọ̀gbẹ́ni Onígarawa, wákàtí mélòó ló gbà ọ́?"

"Mẹ́rin àbọ̀, sà!" ni àwọn ọmọ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dá mi lójú pé wọn ò mọ̀ pé àwàdà ni.

Tíṣà dúró kí ẹ̀rín ó rọlẹ̀. "Tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ kí ọmọ yẹn wá sọ pé ẹ má bínú, kí ó parí síbẹ̀. Ó ti kúrò ní bẹ́ẹ̀. Lọ́la, kó wá pẹ̀lú ìyá rẹ̀, kó dúró níwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, kó sọ ọ́ sókè kí gbogbo wa gbọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, káàdì rẹ̀ á bá mi gbé."

Mo dé ilé, mo ròyìn. Ẹ̀gbọ́n mi ká aṣọ tó ń rán, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Mo ní kó o lọ bẹ̀bẹ̀. O lọ gbé garawa."

"Àǹtí, ó mọ̀! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ pé méjì ni!"

"Tó bá mọ̀ ńkọ́? Ṣé ìmọ̀ rẹ̀ ló máa ṣí géètì? Ọwọ́ ọmọ mi wà lẹ́nu ajá, ìwọ wá ń fi kùmọ̀ lu ajá lórí! Ìwọ á jà tán, ìwọ á padà sídìí àlọ́ rẹ. Ta ni á wá jókòó ti ọmọ yìí lọ́jọ́ Sátidé tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń wọlé?"

"Kó wá máa purọ́?"

"Kó wọlé! Tó bá ti wọlé, kó máa sọ òtítọ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́!"

"Màmá," ni ọmọ náà wí láti ìdí fèrèsé, "màá sọ ọ́."

Àwa méjèèjì yíjú sí i.

Ó dìde, ó lọ síwájú dígí gíga tí àwọn oníbàárà fi ń wo aṣọ tuntun, ó sì na ara rẹ̀ ró ṣánṣán. "Wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni," ó ní. Ó mi orí. Ó tún un sọ, ó gbé ohùn sókè díẹ̀. Ó tún un sọ ní ìgbà kẹta, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, bí ẹni tó gbà á gbọ́. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nìyẹn, bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn tó. Mo jáde síta kí n má bàa fọ́ dígí oníṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ tó fi ń lọ ibi pàtàkì, ṣùgbọ́n téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò rántí yọ ọ́, èmi náà ò sì gbọdọ̀ lanu. Ó ti kìlọ̀ fún mi lójú ọ̀nà pé bí mo bá sọ ju "ẹ káàsán" lọ, kí n wá ibòmíràn sùn.

Tíṣà kí i dáadáa, ó fún un ní àga. Ó pe ọmọ náà jáde. Ọmọ náà dúró níwájú pátákó, ó kọjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ó yá. Bí a bá ṣí ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, wákàtí mélòó?"

Ọmọ náà lanu. Mo rí i tó ń wá ohùn tó fi sọ ọ́ níwájú dígí.

"Tíṣà sọ pé wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni," ó ní.

"Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tí Tíṣà sọ. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi..." Ó wo ìyá rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí—"

Tíṣà fi rúlà gbá pátákó lẹ́ẹ̀kan. Bó ṣe gbá a báyìí, gbogbo ọmọ nawọ́, wọ́n tọ́ka sí i, wọ́n sì fa ohùn papọ̀: "Óòòò-lóòòò-dooo!" Kò sí èyí tó ṣíwájú, kò sí èyí tó kẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ti ń ṣe tipẹ́ ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà, kí wọ́n tó pè é tán, ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, ó ti yíjú sí ògiri. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde lórí àga.

"Ta ló ní kó o gbọ́wọ́ lérí?"

"Bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe, mà," ni ọmọ náà sọ fún ògiri.

"Nígbà wo?"

"Tí mo bá ti béèrè nǹkan, mà."

Mo mọ ìbínú ẹ̀gbọ́n mi. Ariwo ló máa ń ní, ó máa ń ju nǹkan, ó sì máa ń tán kí omi tó hó. Èyí ò dún rárá. Ó rìn gba àárín bẹ́ǹṣì lọ sídìí tábìlì Tíṣà, ó fa dúrọ́ọ̀ jáde, ó sì kó àwọn káàdì tí wọ́n fi rọ́bà dì.

"Màmá! Ìwé ìjọba nìyẹn o!"

"Ojú ọmọ mi ló wà lára rẹ̀. Ṣé ìjọba ló bí ojú yẹn?"

Tíṣà sún mọ́ ọn láti gbà á. Ìgbà yẹn ni mo bọ́ sáàárín. Mi ò sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti kìlọ̀ fún mi. Mo ṣáà dúró, àyà mi kan táì rẹ̀.

"Màá pe ọlọ́pàá!"

"Ẹ pè wọ́n," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó ń yẹ àwọn fọ́tò wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Tí wọ́n bá dé, ẹ sọ ohun tí ẹ sọ fún àbúrò mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún wọn. Àwọn ọmọ wọn náà wà níbí, àbí?" Ó rí ti ọmọ rẹ̀, ó tì í sínú àyà aṣọ rẹ̀. Ó wo ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè dá wọn padà sínú dúrọ́ọ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó tẹ́ wọn sórí bẹ́ǹṣì iwájú, gbogbo fọ́tò kọjú sókè.

"Kí kálukú mú ojú ara rẹ̀," ó ní.

Kò sẹ́ni tó mira.

"Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án," ni Tíṣà wí láti ẹ̀yìn mi, ohùn rẹ̀ tún ti rọ̀, "kó máa tẹ̀ lé wọn lọ."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sáré lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré tí eyín iwájú rẹ̀ yọ ju ìyókù lọ, tí wọ́n jọ máa ń rìn wálé. Káàdì rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ gan-an, kò jìn sí i ju ìka ọwọ́ lọ. "Mú un! Ìwọ náà sọ fún mi pé méjì ni! Mú un!"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo fọ́tò ara rẹ̀. Ó wo Tíṣà. Ó wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "Ṣé Tíṣà ní kí n mú un?"

Ẹ̀gbọ́n mi di ọmọ rẹ̀ mú lápá, ó fà á jáde, èmi sì tẹ̀ lé wọn. A ò tíì dé ẹnu géètì tí rúlà tún fi gbá pátákó. Ohùn wọn tẹ̀ lé wa dé títì. Ọmọ náà ń sunkún, ó ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?" ni ìyá rẹ̀ bi í. "Káàdì rẹ ti wà lọ́wọ́ wa."

"Kò mú un, Màmá! Ó mọ̀ ọ́n, kò mú un!"

Mo yí padà. Ẹ̀gbọ́n mi gbá mi lẹ́wù mú láti ẹ̀yìn kí n tó gbé ẹsẹ̀ kejì.

"Níbo?"

"Mo fẹ́ padà lọ—"

"Sátidé ni ìdánwò, kò sì sí lẹ́sìnnì mọ́. Ìbínú yẹn, má fi ṣòfò síbẹ̀ yẹn. Kọ́ ọmọ. Bẹ̀rẹ̀ báyìí. Kó má sì sí ìgbín nínú ẹ̀ o."

Mo bẹ̀rẹ̀ látorí ìdá. Mo bi í léèrè ohun tó kù bí a bá yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò lára ìlàjì, ohùn mi sì ga débi pé ọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ yà fún wa.

"Ìdá kan nínú mẹ́rin," ni ọmọ náà wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Bọ̀dá, kí ló dé tí ẹ ń pariwo mọ́ mi?"

"Kì í ṣe ìwọ ni mò ń pariwo mọ́!"

"Mo mọ̀," ó ní. "Ẹ bi mí ní òmíràn."